Orúnkún Tí Gìtá Náà Mọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ẹ sì pa fóònù tó ń pariwo lọ́wọ́ yín yẹn. Ẹ bi mí pé níbo ni gìtá mi wà, pé kí ló dé tí mi ò lọ gbà á. Ìbéèrè yín kúrú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gùn, nítorí pé èmi alára ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú pátápátá. Bí mo bá rò ó fún yín, bóyá ọ̀kan nínú yín á bá mi rí ibi tí orí rẹ̀ wà àti ibi tí ìdí rẹ̀ wà.

Ẹ ò mọ Ajégúnlẹ̀ bó ṣe rí nígbà tí mo wà ní géńdé. Aago kọ́ ló ń jí wa nígbà náà. Fèrè ọkọ̀ ojú omi láti Apápá ni. A ó gbọ́ ọ ketekete, a ó sì mọ̀ pé ọkọ̀ ńlá kan ti gúnlẹ̀, iṣẹ́ ti dé fún àwọn alágbàṣe wáfù. Lẹ́yìn ìyẹn, rélùwéè á dáhùn, ìyá ológì náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri. Lónìí, fèrè tírélà là ń gbọ́, ti àwọn tó tò wá láti èbúté Tin Can tí wọ́n ń sùn sójú ọ̀nà. Fèrè ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ń dún bí ẹni tó ń kíni, ti tírélà ń dún bí ẹni tó ń búni. Mi ò tiẹ̀ mọ èyí tó yí padà, bóyá fèrè ni, bóyá etí mi ni.

Gìtá tí mò ń wí yìí, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn kọ́. Háwáyàn là ń pè é. Ó máa ń tẹ́ gbalaja lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì, ẹni tó fẹ́ ta á á jókòó tì í. Ọwọ́ òsì á mú irin róbótó kan tó ń dán, á máa fi fa ojú okùn lọ sókè sódò, ọwọ́ ọ̀tún á máa ja okùn. Pẹ́dà wà nísàlẹ̀ fún ẹsẹ̀. Irin kan tún rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún orúnkún. Bí orúnkún bá ti irin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ohùn gìtá á yí, á máa ké bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sọ́jà. Nínú orin jùjú, òun ló ń mú kí àgbàlagbà máa mirí láìmọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń ti òkè òkun wá wà, àwọn ọ̀gá olórin ló ní in. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ohun tí à ń gbọ́, Amùkòkò là ń lọ, lọ́dọ̀ Bàbá Rísí. Káfíńtà ni, ó sì mọ irin í jó. Àwọn pákó tí wọ́n fi di ẹ̀rọ wá láti ìlú òyìnbó, tí àwọn ará Kírikírì ń kó jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá já ẹrù tán, òun ló fi ń ṣe gìtá. Á kan pákó náà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, á gbé etí lé e, á tún kàn án. Bí kò bá dùn mọ́ ọn nínú, á fi dáná. Pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ń ṣe pẹ́dà, okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló sì fi ń so ó mọ́ okùn gìtá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Gìtá tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, tí o bá gbọ́ ọ láti òpópónà kejì, wàá dúró.

Àwọn olórin ń ti Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí wọn ò bá ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n gbé wá fún un, wọ́n á kàn wá wò ó ni. Wọ́n á máa jiyàn lórí gìtá ta ló ń sunkún jù, lórí pákó tó dáa jù, títí wọ́n á fi fẹ́ gbá ara wọn létí. Mo mọ olórin kan tó gbàgbé ìsọmọlórúkọ ọmọ tirẹ̀ nítorí pé ó ń wo bí Bàbá Rísí ṣe ń fá pákó. Nígbà tó délé, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tí kò fẹ́. Orúkọ yẹn náà ni ọmọ ń jẹ́ títí dòní.

Bàbá Rísí ní òfin kan tí kò yí fún ẹnikẹ́ni. Kò ní kan gìtá fún ẹni tí kò bá tíì rí níbi tó ti jókòó. Lọ́jọ́ tó bá dá fún ọ, wàá múra bí ẹni tó ń lọ sóde eré, láti fìlà dé bàtà. Rísí ọmọ rẹ̀ obìnrin á wá gbé ẹ̀bà sílẹ̀ fún ọ, wàá jẹ ẹ́ tán lójú bàbá rẹ̀, torí pé bàbá náà gbà pé ẹni tí ebi ń pa kì í jókòó bí ẹni tó yó. Nígbà tó o bá fọwọ́ tán, á ní, "Ó yá, jókòó kí n rí ẹ." Á fi okùn wọn ẹsẹ̀ rẹ láti orúnkún dé ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa gé irin orúnkún sí. Látọjọ́ náà, gìtá yẹn ti di tìrẹ. Bí ẹlòmíràn bá jókòó tì í, orúnkún rẹ̀ kò ní bá irin pàdé. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Rísí kì í fi í kọ orúkọ sára gìtá. Ó ní orúkọ lè parẹ́, àmọ́ orúnkún kì í purọ́.

Èmi àti Gọ́dù la jọ lọ ṣe tiwa. Ọmọ Ùròbò ni Gọ́dù, Ajégúnlẹ̀ níbí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dá ṣáká. Àfi tí inú bá bí i tàbí tí inú rẹ̀ bá dùn jù ló máa ń padà sí píjìn. Ó ga bí òpó iná. Èmi rèé, ẹ̀ ń wò mí. Pákó kan ṣoṣo ni Bàbá Rísí là sí méjì fún wa, ọ̀dà kan náà ló kùn wọ́n. Bó o bá gbé gìtá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbejì ni. Ẹgbẹ́ olórin tí à ń bá ṣeré yàtọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Iléyá, Gọ́dù á gbé tirẹ̀ wá sílé wa, lọ́jọ́ Kérésì, èmi náà á gbé tèmi lọ sílé wọn. A ó jókòó síta, ọ̀kan á béèrè, èkejì á dáhùn. Àwọn aládùúgbò ò ní lè se ọbẹ̀ láìjẹ́ pé ó jóná.

Nígbà kan, a lọ ṣeré ìkómọ ní etí omi Kírikírì. Bí mo ṣe tẹ pẹ́dà, sípíríǹgì kan fò jáde, ó sì kó sínú ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Wọn ò jẹ́ ká lọ títí wọ́n fi wá a kàn nínú abọ́ bàbá ọmọ. Ìyẹn ò tiẹ̀ tó ti bàtà. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wọ bàtà pẹlẹbẹ kiri yìí, ẹ ò mọ gàràǹtí. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, gìgísẹ̀ rẹ̀ gogoro. Gbogbo ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ fáàrí ló ń wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti wọ tèmi, èjìká mi á bá ti Gọ́dù dọ́gba. Òun kì í wọ̀ ọ́. Á kàn wò mí, á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, we don dey same level." Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, mo wọ̀ ọ́ kọjá ní Báńdírì, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, gọ́tà gbà mí títí dé àyà. Ọmọge kan tó ń ta ṣúgà rẹ́rìn-ín mi títí ó fi da ṣúgà nù. Òun náà ni Ìyá Bọ́sẹ̀ tó wà nínú ilé yẹn.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Kíbọ́ọ̀dù dé, ẹnì kan ṣoṣo á gbé e, á ní òun ni gìtá, òun ni fèrè, òun ni ìlù. Àwọn tó ń pè wá ò pè wá mọ́. Iṣẹ́ wáfù ni mo fi ìyókù ayé mi ṣe, Gọ́dù lọ ń wa ọkọ̀ fún àwọn akẹ́rù. A gbé gìtá méjèèjì padà sọ́dọ̀ Bàbá Rísí kó bá wa tún wọn ṣe, a ní a ó padà wá gbé wọn. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Gọ́dù kú. Bàbá Rísí náà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni omi òjò wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó jẹ ọ̀kan nínú gìtá méjèèjì títí ó fi di èérún. Èyí tó wà lórí pẹpẹ lókè ni kò kàn. Ọ̀kan ló kù, kò sì sórúkọ lára rẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni Rísí pè mí. Òun náà ti di ìyá àgbà, ó ń ta òògùn ẹ̀fọn àti ọṣẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ wó ilé náà, kí n wá wo gìtá tó kù bóyá tèmi ni. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé fìlà mi sílé. Lọ́kàn mi, mo ti mọ̀ pé tèmi ni. Kò sí ìdí kan. Mo kàn mọ̀ ni.

Ẹni tí mo bá lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi fúrúùtù ni Éjìrò, ọmọ Gọ́dù. Rísí ti pe òun náà. Ọmọ náà ga bíi bàbá rẹ̀, ó sì ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ. Omi òjò kan náà tó jẹ gìtá yẹn ló wọ ilé wọn, ó gbé àpótí lọ, ó gbé fọ́tò lọ, kò ṣẹ́ ku ohun kan tí ọmọ yẹn lè nàka sí pé bàbá òun ló fọwọ́ kàn án rí. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, bí àwọn Ùròbò ṣe ń kí àgbà. Àmọ́ bó ṣe ń wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo rí i pé ohun tó gbé mi wá ló gbé òun náà wá. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, kí n má parọ́ fún yín.

Rísí gbé gìtá náà jáde, ó nu eruku orí rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Ìgbà tó máa jáde, ẹ̀bà ló gbé lọ́wọ́, abọ́ méjì. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ mọ òfin bàbá mi. Ẹ jẹun, kí ẹ jókòó kí n rí yín."

A jẹ ẹ̀bà. Èmi ni àgbà, èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, orúnkún mi gba abẹ́ irin náà kọjá, kò kàn án. Mo sún bẹ́ǹṣì síwájú. Mo fẹ́ gbé gìgísẹ̀ sókè, Rísí rí mi, ó ní ẹ jọ̀ọ́ Bọ̀dá, ẹ fẹsẹ̀ lélẹ̀. Mo fẹsẹ̀ lélẹ̀. Irin náà wà lókè, orúnkún mi wà nísàlẹ̀, bí ẹni méjì tí wọn ò mọra rí.

Éjìrò wá jókòó. Orúnkún rẹ̀ bá irin náà pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa okùn kan ṣoṣo, ohùn náà sì jáde bó ṣe ń jáde láyé ìgbà tí mò ń sọ fún yín yẹn. Omi bọ́ lójú ọmọ náà. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Na my papa own be dis." Òfin lòfin. Mo bá a gbé e sínú Kẹ̀kẹ́ Màrúwá, mo sì ṣàdúrà fún un.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà. Mo ń rìn lọ sílé, mò ń bi ara mi pé ṣé irọ́ ni ọkàn mi ń pa ni, tàbí ọjọ́ ogbó ló ti gé mi kúrú. Ìrònú yẹn pọ̀ débi pé mo kọjá iwájú ilé tèmi, ìgbà tí mo dé iwájú mọ́sálásí ni mo tó mọ̀. Mo padà, mo jókòó, mo rò ó fún Ìyá Bọ́sẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán, ó ní bàtà wo ni mo wọ̀ lọ. Mo ní sálúbàtà ni, èwo ni mo tún ní? Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjọ́ ṣúgà gan-an.

"Bàbá Bọ́sẹ̀," ó ní, "nígbà tí wọ́n wọn orúnkún yín, kí lẹ wọ̀ sẹ́sẹ̀?"

Mo wo sálúbàtà ẹsẹ̀ mi. Láti fìlà dé bàtà ni Bàbá Rísí wí. Gàràǹtí ni mo wọ̀. Kí ni mo tún lè wọ̀ nígbà náà?

Ní ọjọ́bọ̀, tí wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Éjìrò, mo wá pákó méjì tí wọ́n gé kù lọ́dọ̀ káfíńtà, èyí tó nípọn bí ìsàlẹ̀ gàràǹtí, mo dì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù. Èmi Mùsùlùmí wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ ní ọ̀sán gangan. Éjìrò kúnlẹ̀, inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Mo ní kó jẹ́ kí n fọwọ́ kan gìtá náà díẹ̀. Kíá ló dìde fún mi. Mo jókòó, mo rọra fi pákó méjèèjì sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì gbé orúnkún sí i. Ó bá irin náà pàdé. Ó bá a pàdé bí ìgbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá fọwọ́ kàn ọ́ léjìká láàárín èrò. Mo fa okùn. Ọwọ́ mi ti gan, àmọ́ orúnkún mi ò gbàgbé. Inú mi dùn bí ti ọmọdé. Gìtá mi ni.

Àbí? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti pèsì jẹ. Bí mo ṣe ń ta á lọ ni mo rántí Gọ́dù tó dúró tì mí, tó ní we don dey same level. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ra gàràǹtí ni pé kí n lè ga tó Gọ́dù. Bí èmi bá wọ bàtà gogoro, tí òun wọ bàtà pẹlẹbẹ, orúnkún wa dọ́gba. Ibì kan náà ni Bàbá Rísí máa gé irin gìtá méjèèjì sí, bàbá náà ò sì mọ̀ rárá. Ó ní orúnkún kì í purọ́. Kò rántí pé bàtà tó wà nísàlẹ̀ lè purọ́ fún orúnkún. Nítorí náà, gìtá tó kù yẹn lè jẹ́ tèmi, ó sì lè jẹ́ ti Gọ́dù. Kò sí ẹni tó wà láyé tó lè sọ ọ́ mọ́.

Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà. Ó ti wà lẹ́nu mi tán. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo irin abẹ́ gìtá náà.

"Dádì, mo ti gbàgbé ojú bàbá mi," ó ní. "I don try, mi ò rántí. Ṣùgbọ́n bí orúnkún mi ṣe kan irin yìí lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ibi tí tiẹ̀ náà máa ń kàn nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń kí i níbẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Ìgbà yẹn ló wá rí ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Pákó wo nìyẹn, Dádì?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní làkúrègbé ni, pé ilẹ̀ tútù ò bá ẹsẹ̀ mi mu mọ́. Ó ní pẹ̀lẹ́ sà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ pákó méjèèjì, mo kó wọn padà sínú láílọ́ọ̀nù. Orúnkún mi sì bọ́ kúrò lára irin náà.

Ohun tí ẹ bi mí nìyẹn. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní òmùgọ̀ ni mí, pé kí n lọ sọ tẹnu mi. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, màá ní tèmi ni. Bí mo bá dìde, màá ní ti Gọ́dù ni. Ó ń dùn mí, ó sì ń dùn mọ́ mi, mi ò mọ bí méjèèjì ṣe lè wà nínú ikùn kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, bí ó bá yé yín, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, àmọ́ ẹ má dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn lọ sọ nǹkan kan.

Ọ̀la ni ọjọ́bọ̀. Éjìrò ní kí n wá gbọ́ orin tuntun tí òun ń kọ́, ó ní òun á fi àga sí ẹ̀gbẹ́ gìtá náà dè mí. Mo máa lọ. Bàtà pẹlẹbẹ ni màá wọ̀.